Ó Bá Ọkọ̀ Wá Ni: Ẹ̀fẹ̀ fún Ẹ̀yin Ọlọ́kọ̀ Alabar

Ìbà àgbà, ìbà ọmọdé. Ìbà ẹni tó ni ọkọ̀, ìbà ẹni tó ń bá a tì í. Ẹlẹ́fẹ̀ kì í bú èèyàn láìjúbà, nítorí náà mo júbà o, kí ẹnikẹ́ni má lọ fẹjọ́ mi sùn nílé olórí Yorùbá lọ́la. Ọ̀rọ̀ mi kan ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń tajà ní Alabar, láàárín ìlú Kumasi. Ẹ̀yin tí ẹ lè ra báálì ọjà kan, kí ẹ sanwó ẹ̀, kí ẹ sì ti tà á fún ẹlòmíràn kí kayayo, aláàárù wa, tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí. Ẹ̀yin kan náà lẹ ti ń wá ọ̀nà, ọjọ́ ti pẹ́, tí orin inú fóònù yín yóò fi gba ẹnu rédíò ọkọ̀ yín jáde, tí ẹ ò rí i.

Ẹ jẹ́ ká pe aṣojú yín ní Alhaji Òrìjínà, kí n má baà dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin, ẹni tí ẹ yá lówó ni. Ọkọ̀ ẹ̀ jẹ́ Opel Astra tó ti sin òyìnbó ní Jámánì kó tó gba èbúté Tema wọlé. Rédíò inú ẹ̀ ní ojú kásẹ́ẹ̀tì kan àti bọ́tìnì rẹpẹtẹ tí Alhaji fúnra ẹ̀ kò mọ iṣẹ́ ìdajì wọn. Kò ní Bluetooth, kò ní ihò USB, kò sí ibi tí wọ́n kọ AUX sí lójú ẹ̀, ìyẹn ihò ọ́kìsì tí wáyà fóònù ń gbà wọlé. Lásìkò tí wọ́n ṣe ọkọ̀ náà, fóònù ò tíì mọ̀ pé orin kíkọ máa di ara iṣẹ́ òun. Ọmọ ẹ̀ ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká yọ rédíò yìí, ká fi tuntun síbẹ̀." Alhaji fajú ro: "Yọ kí ni? Ó bá ọkọ̀ wá ni!"

Ó bá ọkọ̀ wá ni. Táyà tó bá ọkọ̀ wá ti lọ. Ẹ́ńjìnnì tó bá ọkọ̀ wá, ọ̀dọ̀ àwọn fítà ní Suame Magazine ló sùn sí. Aṣọ ìjókòó tó bá ọkọ̀ wá ti gbó, wọ́n ti fi ràbà bò ó. Àwọ̀ tó bá ọkọ̀ wá, Alhaji gan-an ò rántí ẹ̀ mọ́. Rédíò nìkan ló ṣẹ́kù tó lè jẹ́rìí pé ọkọ̀ yìí dé ìlú òyìnbó rí, ọmọ ẹ̀ wá ní ká yọ òun náà.

Ẹni tí kò mọ ìtàn yóò ní ahun ni yín. Èmi ò ní sọ bẹ́ẹ̀, mo mọ ibi tọ́rọ̀ ti wá. Ní November 18, 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kó wá a rí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kó kẹ́rù ẹ̀. Àwọn bàbá wa, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ìlọrin, ará Ọ̀fà, ará Ìníṣà, tí wọ́n ti ń nájà ní ilẹ̀ yìí kí ẹlòmíràn nínú wọn tó hu irùngbọ̀n, ta ọjà ọdún kan láàárọ̀ ọjọ́ kan ní iye tí oníbàárà bá dá. Láti ìgbà náà, ọmọ Yorùbá tó padà sí Kumasi kì í ra nǹkan kó má kọ́kọ́ ro iye tí yóò tà á. Ọkọ̀ tí rédíò ẹ̀ ṣì wà bí wọ́n ṣe ṣe é, ó lówó lórí. Èyí tí wọ́n ti gé dáṣíbọ́ọ̀dù ẹ̀ láti ki rédíò China bọ̀ ọ́, ẹni tó fẹ́ rà á yóò mi orí, yóò já owó, yóò tún mi orí. Bàbá yín ń sá fún Busia. Ẹ̀yin ń sá fún ẹni tó máa ra ọkọ̀ tí ẹ ò tíì pinnu àtità.

Àti pé olè kì í jí rédíò òrìjínà. Olè Kumasi mọ ojú ọjà. Ó wo inú Astra Alhaji láàjìn, ó rí ojú kásẹ́ẹ̀tì, ó káàánú ẹ̀, ó kọjá.

Ẹ jẹ́ n ba òrìjínà yín jẹ́ díẹ̀ ká tó tẹ̀ síwájú. Ní 1930, ní Amẹ́ríkà, rédíò ò bá ọkọ̀ wá. Paul Galvin, ará Chicago, àti àbúrò ẹ̀ Joseph ló kó àwọn oníṣẹ́ jọ tí wọ́n ki rédíò bọ inú Studebaker tí Galvin ń wà. Ó wà á dé Atlantic City, níbi tí àwọn aṣerédíò ti ń ṣèpàdé, ó gbé e sí ìta gbọ̀ngán, ó yí i sókè kí gbogbo èrò lè gbọ́. Rédíò yẹn ni wọ́n sọ ní Motorola. Nítorí náà, gbogbo òrìjínà tí ẹ fi ń fọ́nnu yìí, ìdílé àfikún ló ti ṣẹ̀ wá. Bàbá ńlá rédíò yín, ńṣe ni wọ́n ki òun náà bọ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀.

Ó dáa. Ẹ ò ní yọ ọ́. Orin sì gbọ́dọ̀ jáde. Ibẹ̀ nìyà ti bẹ̀rẹ̀.

Alhaji Òrìjínà kọ́kọ́ gbé fóònù sínú ife ike, ó gbé ife ka dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ní ohùn yóò ràn. Ohùn ràn lóòótọ́. Ó ràn dé ibi tí ife parí sí. Ọkọ̀ bọ́ sí kòtò, ife ṣubú, olórin ń bá orin lọ lábẹ́ ẹsẹ̀ Alhaji, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíréèkì.

Ó wá lọ ra ohun ìfọ́nrin tí wọ́n ń kì bọ ihò ìtansìgá, èyí tí àwọn ọmọ ń sá tẹ̀lé ọkọ̀ tà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń gba orin lára fóònù, ó ń fọ́n ọn sáfẹ́fẹ́ lórí FM, rédíò ọkọ̀ á sì gbọ́ ọ bó ṣe ń gbọ́ ilé iṣẹ́ yòókù. Alhaji di onílé iṣẹ́ rédíò lọ́sàn-án kan: òun ni olùdarí, òun ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, òun nìkan ni olùgbọ́. Ṣùgbọ́n ojú òfuurufú Kumasi ti kún. Garden City ti jókòó sí 92.1, Kapital sí 97.1, Luv sí 99.5, Nhyira sí 104.5, àwọn yòókù sì há sáàárín wọn. Ibi tí ẹ bá rí tó ṣófo ní Alabar, tí ẹ bá fi dé Asafo, ẹnìkan á ti wà níbẹ̀ tó ń polówó oògùn kooko, ìyẹn jẹ̀díjẹ̀dí. Ayinla Ọmọwúrà á kọ ìlà kan, oníkooko á dáhùn. Wọ́n á jọ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi délé, Alhaji á sì sọ̀kalẹ̀ láìmọ̀ bóyá orin ló gbádùn tàbí àgúnmu.

Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé ohun tó ń fọ́n orin yẹn ò mọ ọkọ̀ tí wọ́n kì í bọ̀. Ọkọ̀ tó bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ yín lè gbọ́ ọ. Ẹ wo ọ̀sán Jímọ̀ ní ọ̀nà Kejetia, tí ọkọ̀ kò lọ, tí kò bọ̀. Ààfáà kan jókòó sínú ọkọ̀ ẹ̀, ó fi wáàsí sí 88.1. Ọmọ tó ń wa tasí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ náà fi tirẹ̀ sí 88.1, K1 De Ultimate ló ń gbọ́, tirẹ̀ sì lágbára ju ti Ààfáà lọ. Oníwàásí ń ṣàlàyé ìbéèrè inú sàréè, ó dé ibi tí wọ́n ti bi òkú léèrè pé ta ni Olúwa rẹ, ìlù fújì já wọlé gìdìgbà. Bọ́tìnì rédíò Ààfáà ti jẹ, kò ṣe é yí. Ó gbé fèrèsé sókè kí ará ìta má gbọ́. Èmi ò ní sọ pé orí ẹ̀ ń mì. Mo kàn sọ pé fèrèsé dígí ni fèrèsé, a sì ń rí inú ẹ̀.

Ẹni tó ní làákàyè díẹ̀ láàárín yín ra kásẹ́ẹ̀tì onírù. Ẹ má fi ṣẹ̀sín, nítorí èmi ka ẹni yẹn sí. Kásẹ́ẹ̀tì ike ni, kò ní téèpù nínú rárá. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló yọ lára ẹ̀, òun ni ìrù, òun ni ẹ ó kì bọ fóònù. Inú ẹ̀ ní orí mágnẹ́ẹ̀tì kékeré kan tó kọjú sí orí tí rédíò fi ń ka téèpù. Orin fóònù á di agbára mágnẹ́ẹ̀tì, orí rédíò á kà á, á rò pé téèpù ló ń kọjá. Jíà kéékèèké tó wà nínú ẹ̀ kò wúlò fún orin. Wọ́n kàn ń yí kí rédíò lè gbà pé kásẹ́ẹ̀tì ń ṣiṣẹ́, torí bí kò bá rí i kí nǹkan yí, á pọ̀ ọ́ síta. Ẹ wo ọgbọ́n náà: ẹ ò gé nǹkan, ẹ ò jó nǹkan, ẹ ò pe ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ ta ọkọ̀, ẹ fà á yọ. Philips gbé kásẹ́ẹ̀tì jáde ní 1963. Ní Amẹ́ríkà, Lexus kan ti 2010 ni wọ́n sọ pé ó gbé ojú kásẹ́ẹ̀tì kẹ́yìn nínú ọkọ̀ tuntun. Ní Alabar, kásẹ́ẹ̀tì ò tíì gba ìròyìn ikú ara ẹ̀.

Kí ló wá ṣe Alhaji Òrìjínà tí kò dúró síbẹ̀? Ó ní jíà ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lábẹ́ orin. Ó ní ìrù ń há ẹnu rédíò. Ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ na ẹsẹ̀, ó fa ìrù, kásẹ́ẹ̀tì fò jáde, fóònù tẹ̀lé e. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ojú ń tì í. Alhaji kan ní ìlà wọn ti ní bọ́tìnì AUX gidi nínú ọkọ̀ tirẹ̀, ó sì ń fọwọ́ kàn án nígbàkígbà tó bá gbé èèyàn, ì báà jẹ́ pé rédíò wà ní pípa.

Ló bá gbé Astra lọ sí Suame Magazine. Ẹ mọ ibẹ̀. Ó wà lára ibi iṣẹ́ fítà tó tóbi jù lọ ní ilẹ̀ aláwọ̀dúdú. Ọkọ̀ á wọlé ní ẹyọ kan, á sì wà ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Oríṣi oníwáyà méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan á tú rédíò, á ṣí ìdérí ẹ̀, á wò ó pẹ́, kò ní sọ̀rọ̀. Èkejì á ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé wáyà kí ẹ tó parí àlàyé. Ta ni Alhaji mú? Èyí tó yára.

Ọmọ ọ̀hún rí wáyà sípíkà, inú ẹ̀ dùn. Ó ní ibi tí orin ti ń jáde nìyí, ibẹ̀ náà ni ká ti kì í bọ̀. Ó so wáyà fóònù mọ́ ọn. Wáyà sípíkà rédíò ọkọ̀ kì í wà láìní iná. Ìdajì iná bátìrì ló máa ń dúró lórí ẹ̀ bí rédíò bá wà ní títàn, nǹkan bíi fóltì 6, kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá kọrin. Fóònù Alhaji gba iná náà, ó gbóná, ó sọ gbólóhùn kan tí kò sí nínú àdéhùn, ó kú. Oníwáyà ní, "Alhaji, fóònù yín kì í ṣe òrìjínà."

Bí ó bá jẹ́ èyí tí kì í sọ̀rọ̀ ló mú ni, iṣẹ́ náà ò le tó bẹ́ẹ̀. Ohùn tí orí kásẹ́ẹ̀tì ń kà kéré púpọ̀. Ohun kan wà nínú rédíò tó ń gbé e sókè, lẹ́yìn náà ló ń kọjá lọ sí ibi tí ẹ ti ń yí ohùn sókè sísàlẹ̀, kó tó dé ọ̀dọ̀ èyí tó ń lé sípíkà. Ìsàlẹ̀ ti àkọ́kọ́, òkè ti kejì, àárín méjèèjì yẹn ni fóònù ti gbọ́dọ̀ wọlé. Ọ̀gbẹ́ni yẹn á wá ojú ọ̀nà náà lórí pátákó rédíò, á gé e, á fi kapásítọ̀ kéékèèké há ẹnu ọ̀nà kí iná rédíò má baà jáde bá fóònù, á wá jó ihò ọ́kìsì kan mọ́ ọn. Ihò tó mòye ni: bí ẹ bá ki wáyà fóònù bọ̀ ọ́, òun fúnra ẹ̀ ni yóò já kásẹ́ẹ̀tì kúrò lójú ọ̀nà, bí ẹ bá fà á yọ, kásẹ́ẹ̀tì á padà sípò ẹ̀. Ó ku kí ẹ ki kásẹ́ẹ̀tì tí kò sóhun kan nínú ẹ̀ bọ rédíò kó máa yí, torí rédíò kò ní ṣí ọ̀nà yẹn bí kò bá rò pé téèpù wà nílé. Bí ẹ bá rí Alhaji tó ń fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ tọ́jú kásẹ́ẹ̀tì tí kò ní orin kankan, tó ń nù ún, tó ń bá ọmọ jà nítorí ẹ̀, orí ẹ̀ pé. Òun ni kọ́kọ́rọ́.

Ẹ̀yin tí rédíò yín ti ní ihò lẹ́yìn fún ẹ̀rọ CD mẹ́fà tó máa ń wà ní búùtù, ẹ ò ní láti gé nǹkan kan. Ṣùgbọ́n rédíò yẹn, agbẹjọ́rò ni. Yóò béèrè lọ́wọ́ búùtù pé, "Ṣé o wà níbẹ̀?" Bí kò bá gbọ́ ìdáhùn, kò ní jẹ́ kí ohùn kankan wọlé láti ibẹ̀. Àwọn kan ń ra páálí kékeré tó ń dáhùn pé "mo wà níbí," nígbà tí kò sí ẹ̀rọ CD níbì kankan. Àwọn mìíràn fi ẹ̀rọ CD gidi sílẹ̀ ní búùtù, wọ́n ki díìsì tí wọn kò gba ohùn kankan sí bọ̀ ọ́, ó ń yí, ó ń dákẹ́, wọ́n wá fi wáyà ohùn ẹ̀ gba orin fóònù. Gbogbo yín tí ẹ ń bá àwọn ọmọ yín wí pé kí wọ́n má parọ́, ẹ̀rí èké ló ń ṣeré nínú ọkọ̀ yín láti Alabar dé Aboabo.

Oní-Golf, mi ò gbàgbé ẹ. O yọ orí bátìrì kí oníwáyà tó fọwọ́ kan rédíò. Ó dáa, o gbọ́n. O dá a padà, rédíò kọ SAFE sójú, ó ní kí o mú nọ́mbà mẹ́rin wá. Ìwé tí nọ́mbà wà nínú ẹ̀ wà lọ́wọ́ òyìnbó tó ta ọkọ̀, òyìnbó yẹn sì lè ti di olóògbé. O tẹ ọdún tí wọ́n bí ọ. O tẹ ọdún tí o lọ sí Mẹ́kà. Rédíò tì pa, ó ní ó di wákàtí kan kí o tó tún gbìyànjú. Wákàtí kan pé, o tẹ ọdún tí o gbé ìyàwó kejì. Ìyàwó àkọ́kọ́ wà nínú ọkọ̀, ó ń wo ìka ẹ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ṣíwọ́. Vitz yín dà? Láti August 4, 1974 tí Ghana ti ní kí ọkọ̀ máa gba apá ọ̀tún títì, ọkọ̀ tí sítíárín ẹ̀ wà lọ́tùn-ún kò ní ilé níbí. Nítorí náà, kí Vitz tó dọ́dọ̀ yín láti Jàpáànù, wọ́n ti tú u palẹ̀, wọ́n ti gbé sítíárín láti ọ̀tún bọ́ sí òsì. Wọ́n gbé sítíárín, wọ́n gbé ẹsẹ̀ bíréèkì, wọ́n gbé wáípà. Rédíò ni wọn ò lè yí lọ́kàn padà. Ọmọ Jàpáànù ló wá, ọmọ Jàpáànù ló sì wà.

FM ti wọn ní Jàpáànù láti 76 ni, ó sì ti pẹ́ tó jẹ́ pé 90 ló parí sí, kí wọ́n tó fà á dé 95 láìpẹ́ yìí. Ẹ padà lọ ka àwọn nọ́mbà ilé iṣẹ́ Kumasi tí mo kà lókè. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó wà nísàlẹ̀ 90. Ọmọkùnrin fi Vitz tuntun gbé ọ̀rẹ́bìnrin, ó tan rédíò kó lè ṣe fújà, ó ń wá Luv, ó ń wá Nhyira, ṣáá-ṣáá nìkan ló ń gbọ́. Ó ní, "Iná ló lọ nílé iṣẹ́ wọn." Gbogbo wọn, àfi bíi pé wọ́n jọ dájọ́!

Wọ́n ń ta nǹkan kékeré kan tí wọ́n ń kì sáàárín eriali àti rédíò láti fi fa nọ́mbà wálẹ̀. Èyí tó bá fa 15 kúrò, Luv tó wà ní 99.5 á wá jókòó sí 84.5, Garden City á sì di 77.1. Ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ, bí ẹ bá bi oní-Vitz pé ilé iṣẹ́ wo ló ń gbọ́, á kọ́kọ́ ṣírò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: láti 87.5 dé 90, ojú FM ti Jàpáànù àti tiwa pàdé. Bí ẹ bá fi ohun ìfọ́nrin yẹn sí 88.1, Vitz á gbọ́ ọ láìra nǹkan mìíràn. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún yín torí ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ń ta nǹkan mìíràn.

Àwọn kan nínú Vitz yìí ṣì ń sọ̀rọ̀. Ẹ bá ṣáná sí i láàárọ̀, obìnrin kan á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn dídùn ní èdè Jàpáànù. Owó títì ló ń sọ. Ó ní ẹ ò tíì ki káàdì owó títì bọ̀ ọ́. Mo mọ ọmọ Ìlọrin kan tó ti ń dá a lóhùn, "Ẹ kàárọ̀ mà." Ìyàwó ẹ̀ ló ní kí wọ́n lọ yọ ọ́. Wọ́n yọ orí bátìrì láti fi yọ ọ́, wọ́n dá a padà, rédíò tó ní máàpù nínú wá ti ara ẹ̀ pa, ó kọ ìwé gígùn sójú, ó fẹ́ máàpù Jàpáànù kó tó ṣí. Ìyẹn ni pé, kí o tó lè gbọ́ Haruna Ishola ní Kumasi, o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ọ̀nà Tokyo han rédíò.

Ká gbà pé ẹ la gbogbo ẹ̀ já. Ọ́kìsì ti wọlé, orin ń jáde, ohùn mọ́. Ẹ ṣáná sí ọkọ̀. Wííììn! Ẹ tẹ iná, ó pariwo sí i. Ẹ gbẹ́sẹ̀, ó rọlẹ̀. Alhaji Òrìjínà ní ẹ́ńjìnnì ló ń gberin. Fítà ní kó lọ ra bátìrì tuntun. Oníwáyà tó yára ní kí wọ́n pààrọ̀ sípíkà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ gbọ́ o: fóònù yín ń jẹ iná láti ihò ìtansìgá lẹ́ẹ̀kan náà tó ń kọrin láti inú ọ́kìsì. Ọ̀nà méjì ni ó ti kan ara irin ọkọ̀, ibi méjèèjì kò sì dọ́gba. Ìdọ̀tí iná tó ń wá láti ara alternator ló ń gba àárín wọn wọlé. Ẹ yọ ṣájà. Bí ó bá dákẹ́, ẹ ti rí i. Ẹ lọ ra páálí kékeré tí wọ́n ń kì sáàárín fóònù àti ọ́kìsì, èyí tí okùn bàbà inú ẹ̀ kò fara kan ara wọn, tó jẹ́ pé mágnẹ́ẹ̀tì ló ń gbé ohùn láti ọ̀kan sí èkejì. Owó ẹ̀ ò tó owó wáyà sípíkà kan. Ṣùgbọ́n ta ni ń gbọ́? Alhaji ti ra bátìrì, ó ti ra sípíkà. Wííììn ń bẹ níbẹ̀, ó kàn wá lágbára sí i ni.

Ní oṣù tí gbogbo ẹ̀ wá parí, ọmọ ẹ̀ tó wà ní London fi fóònù tuntun ránṣẹ́. Alhaji fi tayọ̀tayọ̀ gbé ìdí ẹ̀ sókè. Kò sí ihò. Láti September 2016 tí Apple ti gbé iPhone 7 jáde láìní ihò yíyípo yẹn, àwọn aṣefóònù ti ń dí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ihò tí Alhaji lọ gbẹ́ sínú rédíò ní Suame, wọ́n ti dí èkejì ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ẹ wo ojú ẹ̀! Ó ní kí wọ́n dá fóònù padà. Wọ́n ní ẹ̀bùn ni. Ó wá lọ ra wáyà kékeré mìíràn tó ń sọ ihò pẹlẹbẹ di ihò yíyípo. Wáyà yẹn náà ní ìrù.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ọjọ́ Àìkú tó kọjá kí n tó lọ sùn. Alhaji Òrìjínà gbé àwọn àna ẹ̀ lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Bàbá ìyàwó ẹ̀ wà níwájú, ìyàwó ẹ̀ àti ìyá ìyàwó wà lẹ́yìn, ọmọ-ọmọ kan wà láàárín wọn tí wọ́n gbé fóònù fún pé kó máa yan orin. Ohùn ń jáde ní sípíkà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Alhaji ń fi ìka lu sítíárín, ó ń wo ojú bàbá bóyá ó ń gbádùn ẹ̀. Bàbá ní, "Rédíò yìí dára o. Èló ni wọ́n rà á?" Alhaji ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, Bàbá, a ò ra rédíò kankan. Èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni a ní kí wọ́n kàn fọwọ́ kàn. Kò gba owó kankan." Ìyàwó ẹ̀ ń gbọ́, òun náà ló ti ń bèèrè owó ilé láti ọjọ́ Ẹtì, tí wọ́n ní ọjà ò tà.

WhatsApp dún. Ọmọ rí àmì tó ń tàn, ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn oníwáyà Suame kún inú ọkọ̀, ó mọ́ ketekete, kò sí wííììn kankan níbẹ̀: "Alhaji, ẹ kú ọjọ́ Àìkú o. Ẹ jọ̀wọ́, ìyókù owó rédíò yẹn, pẹ̀lú ti bátìrì, sípíkà mẹ́rin, àti fóònù tí mo bá yín wá rọ́pò..." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Alhaji na ọwọ́ sẹ́yìn, kò tó o. Ó tẹ bọ́tìnì rédíò, bọ́tìnì ti jẹ. Ó fa wáyà, ìrù ìyẹn já sí i lọ́wọ́, ohùn ṣì ń jáde láti ara fóònù, ṣùgbọ́n ó ti kéré.

Bàbá ìyàwó yí ọrùn sẹ́yìn sí ọmọ náà. Ó ní, "Yí i sókè díẹ̀, ọmọ mi. Mi ò gbọ́ iye tó pè gbẹ̀yìn."